Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Mi Ń Rojọ́ Mi Káàkiri

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi tó dàrú. Ọkọ̀ mi ń pariwo. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ọkọ̀ ta ni kì í pariwo ní ilẹ̀ yìí? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiyín ń pariwo bí ọmọlúàbí, ní títì márosẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín. Tèmi kọ́! Bí mo bá ń lọ tààrà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí mo bá dúró, ó dákẹ́. Àfi kí n fẹ́ yà, kí n yí sítíárìn dé góńgó, kí n wá fún un níná díẹ̀, ká-ká-ká-ká-ká! Níbo ni mo sì ti máa ń yí sítíárìn dé góńgó? Ẹnu géètì ilé wa ni! Ìsàlẹ̀ ni onílé wa ń gbé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí géètì, owó ilé sì wà lọ́rùn mi. Ẹni tó jẹ owó ilé, ṣé irú ọkọ̀ tó yẹ kó ní nìyẹn? Tẹ́lẹ̀, mo máa ń yọ́ wọlé jẹ́jẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, màá ti pa iná mọ́tò láti ìkóríta. Ká-ká-ká kò gbà mọ́. Bí mo ṣe ń yà báyìí, fèrèsé á ṣí: "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ ò gbàgbé wa?" Ẹ sọ fún mi, ta ni mo ṣẹ̀?

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rárá, gbogbo àdúgbò ti di mẹkáníìkì. Ìyá oníàkàrà ní bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni. Ẹ gbọ́ mi o: ìyá oníàkàrà! Wọ́n ń yí àkàrà nínú epo, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì nìyẹn o, ti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò ní ṣọ́ọ̀kù ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, ráàkì ni, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí ọkọ̀ mi jà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bi èmi tí mo ni ín pé kí ni mo rò. Ẹnì kan tí mo gbé lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́ o, láti Ìwó Róòdù dé Bódìjà, ó di bẹ́líìtì mọ́ra, ó tún fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ẹnu rẹ̀ sì ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Àdúrà ló ń gbà! Ìyàwó mi tó yẹ kó gbè mí wá ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé kì í ṣe owó tí ẹ fi tún ọkọ̀ yìí ṣe lóṣù tó kọjá ló ń ké báyìí?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí mò ń fi ọkọ̀ náà gbé lọ sílé ìwé láràárọ̀!

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wàyí. Ọkọ̀ tó ti ń dójú tì mí láti àárọ̀, tó dójú tì mí ní ìkóríta, tó dójú tì mí ní ilé epo, bí a ṣe wọ ọgbà mẹkáníìkì báyìí, ó di ẹni mímọ́. Ọ̀gá jókòó sídìí sítíárìn, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e jáde sí títì ọ̀dà tuntun, títì kan ṣoṣo tí kò ní kòtò ní gbogbo agbègbè náà, ó lọ tààrà, ó dé ráńdábáòtù ńlá níbi tí sítíárìn kì í ti í yí ju díẹ̀ lọ, ó rọra pòyì ká a, ó bọ̀ tààrà. Ó pa iná. Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà. "Ọ̀gá mi, n ò gbọ́ nǹkan kan o. Ọkọ̀ yín ń lọ geere."

Kò gbọ́ nǹkan kan! Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Mo ní ìgbà tí mo bá yà ló máa ń dún. Ó ní òun náà ṣáà yà. Mo ní kò yà tó. Ó ní, "Daddy, èmi ni mẹkáníìkì." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo yí sítíárìn kí n lè jáde ní ọgbà rẹ̀, ká-ká-ká-ká! Ó sáré tẹ̀ lé mi dé ojú títì. "Ẹ dúró! Ẹ dúró! Línkéèjì ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ ti mọ ohun tó kù. Línkéèjì ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, méjèèjì, wọ́n ní ọ̀kan kì í dá lọ, mo sanwó, mo yà, ká-ká-ká, wọ́n ní á jẹ́ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni, mo rántí ìyá oníàkàrà, mo ní àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, wọ́n pààrọ̀ tọ̀tún, wọ́n ní tòsì náà ò ní í pẹ́ lọ, wọ́n pààrọ̀ tòsì, mo yà, ká-ká-ká, wọ́n ní búṣìn ààmù ni, wọ́n tú ààmù méjèèjì, wọ́n fi òòlù lu búṣìn àtijọ́ jáde, wọ́n fi òòlù kan náà lu tuntun wọlé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìta kejì dákẹ́ orin, mo yà, ká-ká-ká, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kù ni, àní ṣọ́ọ̀kù, èyí tí kò jò, tí kò ró, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n yọ ọ́, mo ra òmíràn, wọ́n ní kí n lọ ṣe aláíńmẹ́ǹtì nítorí táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí n ò bá ṣe é, mo lọ, mo san tìyẹn náà, mo ń jáde níbẹ̀, mo yí sítíárìn, ká-ká-ká-ká-ká, ó tilẹ̀ wá dún ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí gbogbo ohun tó lè bá a dún pọ̀ ti di tuntun!

Mo wá jókòó, mo dákẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ àgbà, lọ́wọ́ onítáyà, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, títí ó fi yé mi pé ariwo iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, kálukú ló ní ìgbà tirẹ̀. Bí táyà bá kó sí kòtò tó dún gbì, ẹ wo línkéèjì, búṣìn ààmù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Bí ó bá dún gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, ó lè jẹ́ páàdì ni kò jókòó dáadáa, ó sì lè jẹ́ búṣìn ẹ̀yìn ààmù ló já. Bí ó bá ń hùn wùùù, tí híhùn náà sì ń ga bí eré ti ń pọ̀, bíárìn táyà ni. Bí ẹ bá dúró sójú kan tí ẹ ti jíà láti D bọ́ sí R, tó wá dún gbùn-ún, síìtì ẹ́ńjìn ni, ẹ má da ẹsẹ̀ láàmú. Bí sítíárìn bá ń ta gbáù nígbà tí ẹ ń yí i lórí ìdúró, ẹ wo orí ṣọ́ọ̀kù lókè níbi tí sípíríìnì ti jókòó. Ká-ká-ká tó jẹ́ kìkì ìgbà tí èèyàn bá yà tó sì fún ọkọ̀ níná ló ń dún, tó ń yára bí táyà bá ṣe ń yára, orí ṣáàfù tó ń gbé agbára ẹ́ńjìn dé táyà ni, ti apá òde, lẹ́bàá táyà. Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó? Owó tí mo fi kọ́ ọ tó owó yunifásítì, wọn ò sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí.

Ohun tó dùn mí jù kò tilẹ̀ ju èyí lọ: nínú gbogbo títú àti dídì yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó mì í wò. Bí ó bá mì báyẹn, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bíárìn ti lọ. Kó wá di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kó tún mì í. Bí ó bá mì báyẹn, táì-rọ́ọ̀dù ti lọ. Kó fọwọ́ gbọn línkéèjì wò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Mo fura pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ṣe é!

Irú ìyà yìí kò sí nígbà àwọn bàbá wa. Bàbá mi ní Peugeot 504 nígbà ayé wọn. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975 ló to ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ́ńjìn rẹ̀ wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ iwájú kò ní ṣáàfù kankan nínú, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó yà kó sì dúró lọ. Ọkọ̀ ìjàpá, ìyẹn Volkswagen àtijọ́, náà kò ní ká-ká-ká níwájú, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìn ti ẹ̀ wà. Àwọn bàbá wa yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, wọ́n yí padà lójú títì bó ṣe wù wọ́n, onílé wọn ò gbọ́. Ẹ wá wo ìyà tí wọ́n dì ru ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní: òun ló ń fa ọkọ̀, òun ló ń yà, òun ni wọ́n gbé ẹ́ńjìn àti jíà lé lórí, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí èmi gẹ́lẹ́ nínú ilé mi.

Mo tiẹ̀ ti wádìí ẹni tó dá orí ṣáàfù yìí sílẹ̀. Alfred Rzeppa ni wọ́n ń pè é, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ọdún 1926 ló ti ronú kàn án. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà wà nínú ife irin tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà sí nínú, ohun kan dì wọ́n mú kí wọ́n má tú ká, bí táyà bá sì yà gbàgà báyìí, wọ́n á máa yí lọ, agbára ẹ́ńjìn á máa dé ọ̀dọ̀ táyà láìta gììrì. Ọpọlọ pé, n ò lè purọ́. Mini tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba ní 1959 lo irú rẹ̀, láti ìgbà náà ni ayé ti gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n inú gírísì ni bọ́ọ̀lù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ wà, rọ́bà kan tó ṣẹ́ gínrín-gínrín lára ló sì bo gírísì náà mọ́lẹ̀. Rọ́bà! Odidi ọkọ̀, odidi ẹ́ńjìn, odidi èmi, rọ́bà kan ni wọ́n fi gbogbo wa lé lọ́wọ́! Bí rọ́bà yẹn bá ya, bí ṣáàfù ṣe ń yí ni yóò máa fọ́n gírísì ká gbogbo ara, yanrìn á wọlé, ẹrẹ̀ á wọlé, bọ́ọ̀lù irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò sí ojú ọ̀nà tó ń tọ̀, ìgbà tó bá ń bọ́ sínú kòtò tó sì ń jáde níbẹ̀ lẹ ń gbọ́ ká-ká-ká. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kòtò wà lójú títì, kòtò tún wà nínú ọkọ̀! Rzeppa kò bi mí kó tó ṣe é. Títì Amẹ́ríkà ló wò, kò rí títì àdúgbò wa nígbà òjò.

Ẹ sì mọ ẹni tó rí rọ́bà tó ya? Kì í ṣe ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ kan ni, kékeré báyìí, tí wọn ò tíì jẹ́ kó di sípánà ńlá mú. Wọ́n ní kó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ mú bóòtù tó já bọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá bú u. Ó yọrí síta, ìka rẹ̀ dúdú. Ó ní ohun dúdú kan ta sí ẹ̀yìn rímù ọ̀tún, ó ta sí ara ṣọ́ọ̀kù tuntun náà, ó yí i ká. Ó fi àtàǹpàkò ra èyí tó wà níka rẹ̀, ó tún ra á, ó na ọwọ́ sí mi. "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kàn án. Gírísì ni, ṣùgbọ́n yanrìn wà nínú ẹ̀." Mo fọwọ́ kàn án. Ó rin mí lọ́wọ́ ríyẹríyẹ. Rọ́bà ti ya láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, nídìí ibi tó ti ṣẹ́ po, èèyàn kò ní í rí i àyàfi tó bá yí táyà kúrò lójú kan. Owó rọ́bà yẹn kò tó owó línkéèjì ẹyọ kan! Ẹni tó bá tètè rí i, kó tó máa dún, á fọ inú rẹ̀, á kó gírísì tuntun sí i, á fi rọ́bà mìíràn bò ó, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá ti ń dún ká-ká-ká, gírísì kò ràn án mọ́.

Ọmọ náà ló tún ní ká lọ dán an wò kó lè dá wa lójú. Ó ní kí n lọ sí pápá, kí n yí sítíárìn dé góńgó, kí n máa pòyì jẹ́jẹ́, lọ́tùn-ún kọ́kọ́, kí n tó pòyì sósì, kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń yà sósì, táyà ọ̀tún ló wà lóde, òun ni ìnira máa ń pọ̀ fún jù, tí ká-ká-ká bá fi pọ̀ sí i nígbà yẹn, ṣáàfù ọ̀tún ló ń ṣe é. Mo lọ sí pápá ilé ìwé kan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wo àgbàlagbà, ẹ wo bàbá ọlọ́mọ, mo yọrí sójú fèrèsé, mò ń pòyì láàárín pápá, jẹ́jẹ́, láìdúró, eruku ń sọ. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́nà. Ìyá kan tó gbé ẹrù kọjá dúró, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ọlọ́dẹ ilé ìwé wá bi mí bóyá mo mọ ibi tí mò ń lọ. Bí mo ṣe ń pòyì sósì, ká-ká-ká-ká-ká! Bí mo ṣe ń pòyì sọ́tùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ṣáàfù ọ̀tún! Inú mi dùn débi pé mo tún pòyì sí i, ọlọ́dẹ sì lọ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá.

Nígbà tí a padà dé ọgbà, kí ni ọ̀gá sọ? "Ọ̀gá mi, mo ti rí i! Orí ṣáàfù ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura." Ó ti pẹ́ tó ti ń fura! Ó wá rán ọmọ náà lọ ra piọ wọ́tà.

Ìyà Aráròmí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ tó wà ní Gate ní Ìbàdàn, ìyẹn lọ́tọ̀. Mo rò pé èèyàn á kàn débẹ̀ ni, á ní òun fẹ́ ra ṣáàfù. Ó tì o! Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á wò mí. Ọ̀tún ni àbí òsì, torí gígùn wọn kò dọ́gba, jíà kò sí láàárín gan-an. Orí nìkan ni àbí odidi? Eyín rẹ̀ mélòó? Ọkọ̀ yín ní ABS àbí kò ní? Òrígínà ni àbí tọ́kunbọ̀ àbí Ṣáínà? Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ wá ká fi wéra. Mo padà lọ mú un wá, mo gbé e dání nínú ọjà, gírísì ń kán sí ṣòkòtò mi, gbogbo ẹni tí mo kọjá lára rẹ̀ ń sá fún mi. Tọ́kunbọ̀ ni agbára mi ká. Ẹnì kan ní Yúróòpù ti lò ó, ó ti ṣe fàájì rẹ̀ lórí títì tó dán, ó jù ú nù, èmi wá ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá mi dín in kù.

Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe dì í. Wọ́n fa ṣáàfù àtijọ́ jáde, epo jíà tú dà sílẹ̀, wọ́n bu yanrìn bò ó, ọ̀rọ̀ tán, èmi ni mo rán wọn létí pé ohun tó dà sílẹ̀ yẹn ọkọ̀ mi ń mu ún. Mo ra tìyẹn náà. Nóòtì ńlá àárín táyà tó yẹ kí wọ́n fi tuntun rọ́pò, àtijọ́ ni wọ́n dá padà, wọ́n ki páìpù gígùn sẹ́yìn sípánà, èèyàn méjì gùn ún, ọ̀kan ń fò lórí rẹ̀.

Ká-ká-ká lọ. Mo wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo yí sítíárìn dé góńgó ní ẹnu géètì, kẹ́kẹ́! Fèrèsé onílé kò ṣí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọjọ́ kejì, mo kó sí kòtò kékeré kan, gbì! Búṣìn ààmù tuntun ni. Orí jáàkì ni ọkọ̀ wà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ dirodiro, nígbà tí wọ́n fún bóòtù rẹ̀ pa. Bí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ lọ́, ó sì ya. Ó yẹ kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà kí wọ́n tó fún un. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló sọ fún mi, ní kọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo lọ fi ẹjọ́ gbì sùn ni mo wá rí ọkọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀, oríṣi kan náà pẹ̀lú tèmi, wọ́n bọ́ táyà iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ṣọ́ọ̀kù rẹ̀. Àmì ọ̀dà pupa wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo fi ọ̀dà yẹn sí i, lọ́wọ́ ara mi, lọ́jọ́ tí mo rà á, torí mo mọ ayé! Ṣọ́ọ̀kù mi tí wọ́n ní ó ti lọ, òun ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, ó ń gbé e káàkiri Ìbàdàn, kì í dún rárá. Mo bi í. Ó ní, "Daddy, mo kàn ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni." Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọkùnrin náà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó dá ṣọ́ọ̀kù mi padà, kó sì kó línkéèjì méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn.